Apá kan kòtò ìpìlẹ̀ mi le, apá kejì rọ̀: ṣé kí n da kankéré sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mò ń kọ́, ilé ilẹ̀ ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èmi fúnra mi ni mò ń bójú tó iṣẹ́ náà. Bíríkìlà kan àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá mi ṣe é. A ti gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ tán. Lápá òkè, ilẹ̀ pupa líle la bá, dígà ò fẹ́ wọ̀ ọ́. Lápá ìsàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú rírọ̀ ni, a bá ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò nínú rẹ̀, omi sì ń dúró síbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Bíríkìlà ní ká da kankéré ibẹ̀ kó nípọn ju ti ibòmíràn lọ, ká fi irin méjì sí i láàárín, pé kò séwu. Ìyàwó mi ní ká dáwọ́ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ìpìlẹ̀ náà dáa kí a tó bò ó mọ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da kankéré kankan sínú kòtò yẹn. Ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò tí ẹ bá níbẹ̀ ti dá yín lóhùn ṣáájú mi: ilẹ̀ tí ènìyàn dà síbẹ̀ ni, kì í ṣe ilẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó lè jẹ́ kòtò tí wọ́n ti wa yanrìn nínú rẹ̀ rí, ó lè jẹ́ ojú omi àtijọ́, ó sì lè jẹ́ ààtàn. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kò sí ẹni tó gún un mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹrà lọ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń jẹrà ni yóò máa fún pọ̀, ohunkóhun tó bá sì wà lórí rẹ̀ yóò máa bá a lọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe rírọ̀ ilẹ̀ yẹn nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé apá kejì le. Ilé tó bá rì díẹ̀ níbi gbogbo lọ́gbọọgba, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lè má mọ̀ láéláé. Ilé tí igun kan rẹ̀ rì, tí igun kejì kò sì mira, òun ni ògiri rẹ̀ ń là láti igun fèrèsé gòkè, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń há, tí omi òjò ń gba ojú sísán wọlé. Ohun tí a ń wá nínú ilẹ̀ ìpìlẹ̀ ni pé kó gba ìwúwo bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kòtò dé òpin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sọ ọ́. Ilé ilẹ̀ kò wúwo tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Bí a bá ro òrùlé, ògiri búlọ́ọ̀kù tó nípọn tó 225 mìlímítà tó sì ga tó mítà 3, sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ, àti ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ pọ̀, ohun tí mítà kan nínú gígùn ògiri ń gbé lé ilẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù 2 àti díẹ̀ lọ. Tí kankéré ìpìlẹ̀ bá fẹ̀ tó 675 mìlímítà, mítà onígun mẹ́rin kan nínú ilẹ̀ ń gba bíi tọ́ọ̀nù 3 sí 4. Amọ̀ tó le díẹ̀, tó jẹ́ pé tipátipá ni èèyàn fi lè fi ìka tẹ̀ ẹ́, lè gba tọ́ọ̀nù 7 sí 15 lórí ìwọ̀n kan náà. Ilẹ̀ pupa yín lápá òkè lè gbé ilé yìí láìmí rárá. Kò sì sí ohun tó burú nínú ilé yín pé kó wúwo jù. Ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fẹ́ gbé ilé kan ṣoṣo lé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní báyìí, ẹ wo ìmọ̀ràn bíríkìlà. Bí ẹ bá sọ kankéré apá ìsàlẹ̀ nípọn sí i ní 225 mìlímítà, kankéré tó ń wọn tọ́ọ̀nù 2.4 lórí mítà oníhà mẹ́fà (ìyẹn ohun tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan), ẹ ti fi nǹkan bíi kìló 365 kún ìwúwo gbogbo mítà kan lórí ilẹ̀ tó rọ̀ jù lọ nínú gbogbo ilẹ̀ yín. Ilẹ̀ tí kò lágbára lẹ tún di ẹrù lé. Kankéré náà yóò le bí òkúta, yóò sì rì bí òkúta.

Irin méjì ńkọ́? Kankéré lágbára gan-an bí a bá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ bí a bá fà á, agbára rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ìdí rèé tí a fi ń fi irin sí i, irin ló ń gba fífà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ lábẹ́ kankéré, tí ó sì le ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ikùn kankéré yóò sọ̀ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni fífà yóò wà. Níbi tí ilẹ̀ líle ti parí tí rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn kankéré ni yóò ká, òkè rẹ̀ ni fífà yóò wà níbẹ̀. Àárín gbùngbùn tí bíríkìlà fẹ́ kó irin sí ni ibi tí fífà kéré jù nínú méjèèjì. Ẹ ó ti ra irin, ẹ ó sì ti tẹ́ ẹ síbi tí kò ti ní iṣẹ́ ṣe.

Mi ò sọ èyí láti fi tẹ́ bíríkìlà yín o. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé kó sì rò pé ó dáa, nítorí ilẹ̀ kì í dáhùn lọ́jọ́ kan náà. Òjò ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, òjò èkejì, kí sísán àkọ́kọ́ tó yọjú, bíríkìlà ti wà níbi iṣẹ́ mìíràn tipẹ́. Ẹni tó ń gbé ilé ló ń rí i.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù lọ ní ayé fún ohun tí mò ń sọ ni ilé ìṣọ́ Pisa ní Ítálì. Ọdún 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ rírọ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì ju bíi mítà 3 lọ nínú ilẹ̀. Kò tíì ga ju àjà kẹta lọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1272, wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe láti òkè: wọ́n mú ẹ̀gbẹ́ tó ń fì ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ díẹ̀ nínú àwọn àjà tí wọ́n ń kọ́ kún un. Kò dẹ́kun fífì. Ó di àárín 1990 sí 2001 kí àwọn ẹnjiníà tó dá a dúró, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì gbà lọ: wọ́n rọra wa ilẹ̀ díẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó ga, títí ilé náà fi padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wá fi wé ilé eré ìtàgé ńlá Palacio de Bellas Artes ní ìlú Mexico, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1904. Òun ti rì tó bíi mítà 4 sínú amọ̀ rírọ̀ ìlú yẹn, wọ́n sì ń lò ó títí di òní, nítorí pé odindi rẹ̀ ló jọ ń lọ sílẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ mọ ibi tí ilẹ̀ àdàsí yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti bó ṣe jìn tó. Ẹ gbẹ́ ihò àyẹ̀wò mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan ní igun tó rọ̀ jù, ọ̀kan ní ibi tí ẹ rò pé ilẹ̀ ti yí padà, ọ̀kan lápá tó le. Ẹ̀gbẹ́ ìta ìlà ìpìlẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí o, kì í ṣe inú kòtò gan-an, torí ihò àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ máa ń tú ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ilẹ̀ dúdú náà, kọjá ọ̀rá àti ìgò, dé ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì kàn, kí ẹ sì tún wọ inú ìyẹn lọ. Ìwúwo ilé kì í dúró sí abẹ́ kankéré. Ó ṣì ń lágbára nínú ilẹ̀ títí dé ìjìnnà tó tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ kankéré náà. Fún kankéré tó fẹ̀ tó 675 mìlímítà, ẹ ní láti mọ ohun tó wà ní mítà 1.35 nísàlẹ̀ ibi tí kankéré máa jókòó sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ilẹ̀ líle tó nípọn bí ìbú ọwọ́ kan ti yọ̀ síbẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Láàárín àwọn ihò wọ̀nyí, ẹ mú ọ̀pá irin 12 mìlímítà tó gùn dáadáa, kí ẹnì kan náà fi òòlù kan náà máa gbá a wọlẹ̀ ní gbogbo mítà kan lórí ìlà kòtò. Ẹ máa ka iye ìgbà tó gbá a kó tó wọ 300 mìlímítà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò ní sọ agbára ilẹ̀ fún yín bí àyẹ̀wò ẹnjiníà ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n yóò fi hàn yín kedere ibi tí ilẹ̀ ti yí padà, ohun tí ẹ sì ń wá nìyẹn.

Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀ láti inú ihò kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ tí ẹ lè fi ìka mọ láìlo agbára, ó rọ̀ jù fún ìpìlẹ̀ lásán. Èyí tó gba agbára kí ìka tó lè mọ ọ́n, ó ṣeé lò. Èyí tí ìka kò lè mọ, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ló ń fi ojú sí i lára, ó dáa gan-an. Ẹ tún bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da omi sí i, ẹ mì ín pọ̀, ẹ gbé e kalẹ̀: yanrìn á ti jókòó láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìyókù á máa jókòó fún wákàtí púpọ̀, amọ̀ tó kúnná jù á mú kí omi náà ṣì dàrú títí di ọjọ́ kejì. Bí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá ilẹ̀ agbègbè náà máa ń la ojú gbàràgàdà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Amọ̀ dúdú tó ń wú bí ó bá mu omi, tó sì ń sún kì bí ó bá gbẹ, lágbára láti gbé ilé ilẹ̀ sókè kó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá bá irú ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ àdàsí yẹn, ẹ má ṣe tẹ̀síwájú láìsí ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí: owó tí ẹ ó san fún un kéré púpọ̀ sí owó tí ẹ ó fi tún ilé tó ti là ṣe, bí ó bá tilẹ̀ ṣeé tún ṣe.

Tí ẹ bá bá ilẹ̀ tó dáa láìjìn púpọ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ gbẹ́ kòtò apá ìsàlẹ̀ títí dé ilẹ̀ náà, kí ìpìlẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele bí àtẹ̀gùn, kí ojú ìpele kọ̀ọ̀kan sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kankéré tó nípọn tó 225 mìlímítà, ẹ má jẹ́ kí ìpele kan ga ju 225 náà lọ, kí kankéré òkè sì gun ti ìsàlẹ̀ tó 450 mìlímítà, ìyẹn ìlọ́po méjì gíga ìpele. Bí ẹ bá gé e ní ìpele gíga kan ṣoṣo, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti là. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ burúkú kúrò lábẹ́ ìlà ìpìlẹ̀, kí ẹ sì fi kankéré tí kò lágbára púpọ̀, bíi 1:3:6 (sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn mẹ́ta, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà), kún ibẹ̀ títí dé ibi tí ìpìlẹ̀ máa jókòó sí. Ó ń jẹ sìmẹ́ńtì, àmọ́ ó rọrùn, kò sì ní àṣìṣe púpọ̀ nínú. Èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ burúkú náà bá kéré. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ da ilẹ̀ tí ẹ wà jáde padà sínú kòtò kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbẹ́ kòtò jìn jù, kankéré nìkan la fi ń dí i.

Bí ilẹ̀ tó dáa kò bá sí nítòsí, tí ẹ gbẹ́ tó mítà 2 tí ìgò ṣì ń jáde, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin lórí ìwé. Ó lè jẹ́ ìpìlẹ̀ onípẹpẹ ni yóò dáa, tí a da kankéré onírin kan ṣoṣo sábẹ́ gbogbo ilé kí odindi rẹ̀ lè jọ máa lọ. Ó sì lè jẹ́ òpó kankéré tí a rì wọlẹ̀ títí dé ilẹ̀ líle. Ẹnjiníà ló ń yàn, òun ló sì ń sọ bí irin ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ kíyè sí i pé kò dáa kí a gbé ìdajì ilé lé òpó, kí ìdajì kejì jókòó sórí ilẹ̀ lásán, láìjẹ́ pé a pín ilé náà sí méjì láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ó tún ṣeé ṣe kí ohun tó dáa jù jẹ́ kí ẹ sún ilé náà lọ sápá òkè ní mítà mélòó kan, kí ilẹ̀ búburú di ibi tí ẹ ó gbin koríko sí. Kò tíì pẹ́ jù. Kòtò tí ẹ gbẹ́ ni ẹ kàn pàdánù.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni sínú kòtò jíjìn. Mítà oníhà mẹ́fà kan ilẹ̀ tútù wúwo ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Bí ẹ̀gbẹ́ kòtò bá ya lu ọmọ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í pẹ́ tí èémí fi ń tán, àwọn tó wà lókè kì í sì tètè rí i wà jáde. Ilẹ̀ àdàsí tó mu omi ló burú jù nínú gbogbo ilẹ̀ fún èyí. Níbi tí kòtò bá ti jìn ju mítà 1.2 lọ, ẹ fi pákó àti igi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tàbí kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ náà kó dàgẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ wà jáde, ẹ kó o jìnnà sí etí kòtò tó mítà 1. Kí àkàbà wà nínú kòtò nígbà gbogbo, kí ẹnì kan má ṣe dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé kankan ò tó ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí ẹ bá ti tún kòtò gbẹ́, ẹ tún okùn ta, torí èèkàn máa ń yẹ̀ bí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ wọn mítà 3 lórí okùn kan láti igun, mítà 4 lórí èkejì. Bí ìdábùú àárín wọn bá jẹ́ mítà 5 géérégé, igun náà gún. Lẹ́yìn náà ẹ wọn odindi ilé láti igun dé igun ní ìdábùú méjèèjì, kí wọ́n sì bára mu. Fún gíga, họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara tí a rọ omi sí kò ní parọ́ fún yín, ẹ kàn rí i pé afẹ́fẹ́ kò há sínú rẹ̀.

Omi tó dúró sí ìsàlẹ̀ kòtò ńkọ́? Ẹ gbọ́n ọn kúrò, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Omi ti sọ ojú ilẹ̀ tó bá sùn lé di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì ni kankéré yóò jókòó sí bí ẹ kò bá ha á kúrò. Ẹ ha á títí dé ilẹ̀ tó dúró gírígírí, kí ẹ sì da kankéré ìtẹ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó nípọn tó 50 mìlímítà lé e lọ́jọ́ kan náà kí òjò mìíràn tó dé. Òun ló máa dáàbò bo ilẹ̀, òun ni irin àti ọmọ iṣẹ́ á dúró lé. Ẹ sì gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré sápá òkè ilẹ̀ náà kí omi òjò lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ má ti ojú àgbàrá yìí pa lẹ́yìn tí ilé bá parí. Ibi tí ilẹ̀ bá ti gẹ̀rẹ́, yóò máa wúlò títí.

Ó wá kù kankéré fúnra rẹ̀, ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá ilé kọ́ ń gbójú fo nǹkan. Àdàlù 1:2:4 ló wọ́pọ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀: sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ńtì kìló 50 jẹ́ bíi lítà 35, nítorí náà yanrìn lítà 70 àti òkúta lítà 140 ló bá àpò kan lọ. Ẹ ṣe àpótí onígi tó gba lítà 35 kí ẹ máa fi wọn nǹkan. Ṣọ́bìrì kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí bí ọwọ́ bá ti rẹ èèyàn, ohun tó ń bù á máa yí padà. Láti mọ iye àpò tí ẹ ó rà, ẹ fi gígùn kòtò lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà nínípọn. Bí gbogbo kòtò yín bá gùn tó mítà 60, tó fẹ̀ tó 0.675, tí kankéré sì nípọn tó 0.225, ó jẹ́ mítà oníhà mẹ́fà 9.1. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí àpò 6 ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ á wà ní nǹkan bí àpò 60. Bí bíríkìlà bá sọ pé 35 tó, ẹ bi í bó ṣe ṣe é.

Omi ló ń ba kankéré jẹ́ jù lọ, torí ọmọ iṣẹ́ fẹ́ kó ṣàn kí ọwọ́ má bàa ro ó. Lítà 25 ni ìwọ̀n tó dáa fún àpò kan, omi tó ti wà nínú yanrìn tútù sì wà nínú kíkà yẹn. Omi tó bá lé sí i, kankéré kò nílò rẹ̀ láti fi le. Yóò gbẹ jáde, ihò tíntìntín ni yóò fi rọ́pò ara rẹ̀, agbára kankéré á sì lọ sílẹ̀. Ẹ dúró ti ẹ̀rọ ìpo-kankéré fúnra yín lọ́jọ́ náà. Bí ohun mìíràn bá wà tí ẹ fẹ́ rán ẹlòmíràn ṣe, ẹ má rán ẹnikẹ́ni ní ti omi.

Ẹ má da kankéré láti òkè ju mítà 1.5 lọ, kí òkúta má bàa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n tàbí ọ̀pá gún un kí afẹ́fẹ́ jáde. Bí ẹnjiníà bá ní kí irin wà, ẹ gbé e sórí òkúta kankéré kéékèèké tó ga tó 50 mìlímítà kó má fara kan ilẹ̀. Ibi tí irin 12 mìlímítà méjì bá ti so pọ̀, kí wọ́n gun ara wọn tó 600 mìlímítà. Lẹ́yìn tí kankéré bá ti le, ẹ máa rin ín lómi fún ọjọ́ 7, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá fífẹ̀ bò ó. Lọ́jọ́ keje, bí ẹ bá ṣe é dáadáa, yóò ti ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí yóò ní lọ́jọ́ 28. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kàn má jáwọ́ nínú rírin ín.

Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó dáa kí ẹ tó bò ó. Ẹ máa ya fọ́tò gbogbo ìpele, kí tépù ìwọ̀n hàn nínú rẹ̀: ìsàlẹ̀ kòtò lẹ́yìn tí ẹ ha ẹrẹ̀ tán, kankéré ìtẹ́lẹ̀, irin bí ó bá wà, kankéré lẹ́yìn dídà, àti ibi tí páìpù ìdọ̀tí àti ti omi ti gba inú ògiri ìpìlẹ̀ kọjá. Fún páìpù wọ̀nyẹn, ẹ fi páìpù tó tóbi jù ú sílẹ̀ nínú ògiri nígbà tí ẹ ń to búlọ́ọ̀kù, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi òòlù lu ìpìlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Tí ẹ bá ń da ilẹ̀ padà sínú ilé, ilẹ̀ pupa ni kí ẹ lò, kì í ṣe dúdú yẹn. Ẹ máa gún un ní ìpele 150 mìlímítà kọ̀ọ̀kan, kí inú àti ìta ògiri jọ máa ga kí ògiri má bàa tẹ̀. Ẹ fín oògùn ikán, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn kí ọ̀rinrin má bàa gòkè, kí ojú ilẹ̀ inú ilé sì ga ju ilẹ̀ ìta lọ tó 150 mìlímítà ó kéré tán. Níbi tí ilẹ̀ yín ti gẹ̀rẹ́, igun tí ilẹ̀ ìta ti ga jù ni kí ẹ ti wọn 150 yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó yín. Wọ́n ṣe ohun tó tọ́ pé kí ẹ dúró, ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ náà. Amọ̀ tó gbẹ máa ń le koko, dígà ò ní wọ̀ ọ́, ọ̀pá irin náà ò ní wọ̀ ọ́, ẹ ó sì rò pé ẹ ti bá ilẹ̀ tó dáa. Àsìkò tí ilẹ̀ mu omi yó yìí gan-an ni yóò fi bó ṣe rọ̀ tó hàn yín, ibi tí omi sì ti ń sun yóò hàn pẹ̀lú. Ẹ gbẹ́ àwọn ihò náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, níbi tí ẹ̀gbẹ́ wọn bá ti dúró, ẹ fi igi ti èyí tó bá jìn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá ní ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kankéré ló lè dúró di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró.